Módẹ̀mù yín ò bàjẹ́ o, etí rẹ̀ ni ò gbọ́ràn dáadáa

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ Sátidé nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ibi tó ń dùn mí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá ti ń fà báyìí, ó di pé módẹ̀mù ti bàjẹ́, á lọ ra òmíràn, òmíràn náà á tún máa fà, owó á sì ti lọ. Bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bi ara wọn pé iṣẹ́ wo gan-an ni nǹkan yìí ń ṣe.

Ògbufọ̀ ni módẹ̀mù. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ, ìgbì ló sì ń rin wáyà àti inú afẹ́fẹ́. Wáyà tẹlifóònù ayé àtijọ́, ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ohùn tó bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi 300 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tàbí tó ròkè ju 3,400 Hz lọ kì í ríbi gbà. Módẹ̀mù tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fiṣẹ́ ránṣẹ́ á wá sọ 0 àti 1 di ohùn, èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á á tú ohùn yẹn padà sí 0 àti 1. Modulate àti demodulate ni wọ́n ń pe iṣẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé orúkọ ẹ̀ jáde.

Ẹ wo Bell 103, módẹ̀mù kan tí iléeṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà, AT&T gbé jáde ní 1962. Ẹni tó pè máa fi ohùn 1,070 Hz sọ 0, á fi 1,270 Hz sọ 1. Ẹni tí wọ́n pè á lo 2,025 àti 2,225 ní tiẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa tó jẹ́ pé ohùn ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, ó yẹ kó yé wa kíákíá. Bit 300 péré ló ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 0 kan tàbí 1 kan ni bit kan. Orin kan tó jẹ́ 4 MB lórí fóònù yín, á lò ju wákàtí 29 lọ kó tó wọlé tán. Nígbà tó fi máa di 1998 tí wọ́n ń lo módẹ̀mù 56k, tó ń gbé bit 56,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, orin yẹn ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn tí wáyà bá mọ́ o.

Tòde òní ò lo ohùn méjì mọ́. Ìgbì rédíò ni, ó sì lè mú ìgbì kan ṣe oríṣi 64, oríṣi kọ̀ọ̀kan á gbé bit mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, oríṣi 64 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí jọra, kò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́, ni òun àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá máa sọ̀ kalẹ̀ sí oríṣi mẹ́rin, bit méjì méjì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra ni. Ẹni tó bá ti dáko rí lápá Òkèmẹ̀sí mọ̀ pé téèyàn bá ń ké sí ẹni tó wà lódìkejì òkè, kò ní máa tú ọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó jókòó tì í, á fa ohùn gùn, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kó lè yé onítọ̀hún.

Àbúrò màmá mi ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, wọ́n tún ń ta omi tútù níbẹ̀, ẹ sì mọ bí òkè ṣe pọ̀ tó lágbègbè yẹn. Módẹ̀mù méjì ni wọ́n ti rà. Ìgbà tí mo débẹ̀, ẹ̀yìn fírísà ni mo ti bá a, irin fírísà sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀ sójú búráúsà, ojú-ìwé ẹ̀ ṣí, mo wo ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn bí ìgbì tó ń ti òpó wá ṣe lágbára tó, -114 dBm ló wà níbẹ̀ (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára yẹn). Nọ́ńbà yìí, bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dáa. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó di -97. Ẹ má fojú kékeré wo 17 yẹn o, agbára tó ń wọlé ti di bí ìlọ́po 50 nìyẹn! Módẹ̀mù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti jù sínú páálí náà ṣiṣẹ́ dáadáa lójú fèrèsé yẹn. Wọ́n kàn ń wò mí ni.

Bàbá kan bi mí pé ṣé módẹ̀mù náà ni Wi-Fi. Rárá sà, iṣẹ́ méjì ni, inú páálí kan náà ni wọ́n kàn kó wọn sí. Igi Wi-Fi tó kún lórí fóònù yín, ààrin fóònù àti módẹ̀mù nìkan ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa ààrin módẹ̀mù àti òpó. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, kí ló dé tí kò ṣí.

Tẹ́ ẹ bá ti wá gbé e síbi tó dáa, tí nọ́ńbà dáa, tó ṣì ń fà, ẹ jí láago méjì òru kẹ́ ẹ dán an wò. Tó bá sáré nígbà yẹn, èrò ló pọ̀ lórí òpó yẹn lójú ọ̀sán, kò sí módẹ̀mù tẹ́ ẹ máa rà tó máa dín wọn kù.