Orí Mi Ń Gbóná

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹ bá mi fojú inú wo ọkùnrin kan tó jókòó sídìí òfì ní Ìlọrin. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń hunṣọ. Bó bá ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ láti ọ̀tún sósì, ojú yín ò ní lè bá a. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, òwú á já, á so ó. Á tún já, á kàn máa wò ó. Aṣọ ìgbéyàwó tó yẹ kó ti parí ṣì wà lórí òfì.

Ẹ bi í pé kí ló dé. Kò ní sọ pé inú òun bàjẹ́. Á ní, “Orí mi ń gbóná.” Á ní nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, àyà òun ń já, òun ò rí oorun sùn.

Wọ́n ní ọkùnrin kì í sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Èmi ò gbà. Ó ń sọ ọ́, ara ló fi ń sọ ọ́, àwa ni etí wa di. A ní ibà ni, ó lọ ra oògùn ní kẹ́mísì. A ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó mu àgbo. (Kò sáìsàn tí Yorùbá ò lè dì ru jẹ̀díjẹ̀dí.)

Kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Ìrònú tó bá pẹ́ máa ń mú kí ara wà lójúfò tọ̀sán tòru, bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ olè lẹ́yìnkùlé: ọkàn á máa sáré, ọrùn á le, oorun á sá. Ẹni tí oorun ti sá fún, ìbínú ò ní jìnnà sí i. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti sábà máa ń kọ́kọ́ fura: ọkọ tí kì í pariwo wá ń na ọmọ torí pé ó da omi nù.

Bí ìbànújẹ́, tàbí kí nǹkan má dùn mọ́ni mọ́, bá wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun, oúnjẹ àti agbára iṣẹ́ náà yí padà, depression ni dókítà máa ń pè é. Obìnrin ni wọ́n ń bá a lára jù. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kárí ayé, ọkùnrin tó ń gba ẹ̀mí ara wọn tó ìlọ́po 2 obìnrin. Ẹ ro ìyẹn wò.

Ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, a mọ̀ ọ́n kí. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Á ní “Alhamudulilai,” ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ọpẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀kan kún un: “Oorun ńkọ́?” Kò sí ọkùnrin tójú máa tì láti sọ pé òun ò sùn. Ẹ má bi í láàárín èrò. Ẹ bi í nígbà tí ẹ jọ ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, tí ojú ò kojú. Kí ẹ wá dákẹ́. Ìyẹn ló ṣòro jù, torí ẹnu á ti máa yún yín láti sọ pé “Ṣe bí ọkùnrin.”

Bó bá ní ayé ti sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ki èrò náà sí i lórí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Nílé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, Behavioural Sciences lorúkọ ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà á yẹ ara wò, á sì béèrè ọ̀rọ̀. Ìjíròrò nìkan lè tó fún ẹlòmíì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ara tó dá a mọ̀, kò sì gbọdọ̀ dá ṣíwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tára bá yá. Ẹ máa gbàdúrà lọ. Àdúrà ò bá ọsibítù jà.

Ẹ̀rù “wèrè” ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí àìsàn ọpọlọ pàápàá, láti ayé òyìnbó amúnisìn, òfin wèrè lorúkọ rẹ̀, kó tó di pé Ààrẹ Buhari buwọ́ lu tuntun ní January 2023.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí òfì. Ọ̀rẹ́ tó ń hunṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Oorun ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó so òwú tó já. Ó ní, “Látìgbà tí bàbá mi ti kú...”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.