Bí Igi Ṣe Fún Odò Platte Pọ̀

Ẹ wo odò yìí dáadáa. Platte ni wọ́n ń pè é, ìpínlẹ̀ Nebraska ló wà, ní Amẹ́ríkà. Láyé ọjọ́un, odò náà fẹ̀ lọ salalu àmọ́ kò jìn. Omi rẹ̀ pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka láàárín iyanrìn, igi ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Lónìí, igbó ti gba ibi tó pọ̀ nínú ilẹ̀ odò náà.

Hóró kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Hóró igi cottonwood ní òwú lára bíi ti àràbà. Atẹ́gùn á gbé e, á bà sórí iyanrìn tútù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, kò sì ní pẹ́ hù. Tẹ́lẹ̀, tí yìnyín orí òkè Rocky bá ti yọ́, omi á kún dé, á hú àwọn ọmọ igi yẹn dànù. Àfìgbà tí wọ́n kọ́ dáàmù: Pathfinder parí ní 1909, Kingsley ní 1941. Omi yà sí oko àwọn àgbẹ̀, àkúnya rọlẹ̀. Igi tí ì bá ti kú lọ́dún àkọ́kọ́ wá rí ọdún kejì.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ìdí ọmọ igi yìí. Tí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, eré rẹ̀ á dínkù. Omi tí ò sáré mọ́ ò lè ru iyanrìn, á sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Iyanrìn á ga, igi míì á hù sórí ẹ̀, gbòǹgbò á dì í mú, ojú omi á di erékùṣù. Omi tó kù á wá rọ́ gba ọ̀nà tóóró, á máa sáré, á máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn sí i. Ibì kan wà tí Platte ò tó ìdajì bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè ní dáàmù ló lẹ̀bi, kí ni igi ṣe? Ní Yunifásítì Minnesota, wọ́n ṣe odò kékeré kan sórí iyanrìn nínú ilé, omi sì pín káàkiri. Wọ́n wá ń fọ́n irúgbìn alfalfa, ewéko kan tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran, sí i kó lè dúró bí igi. Nígbà tó yá, ẹ̀ka-ẹ̀ka yẹn di ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń jẹ́ sandhill crane ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Lóṣù Mààṣì, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn máa ń bà sí Platte. Inú omi tí ò jìn ni wọ́n ń dúró sùn, níbi tó ṣí gbayawu, kí ẹranko má baà yọ́ kẹ́lẹ́ bá wọn. Torí náà, katakata ni wọ́n ń kó wọ ilẹ̀ odò báyìí láti hú igi kí wọ́n sì tú iyanrìn. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, igi á tún ti hù.