Iṣẹ́ Ni Orin Ṣe ní Birkenau

Kí n tó dá ẹnu lé ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbóhùngbóhùn fi orin kan sí i. Orin tí àwọn ológun ilẹ̀ Jámánì fi ń yan láyé àtijọ́ ni, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tó tán, mo bi àwọn tó jókòó níwájú léèrè pé, "Ta ló pàṣẹ fún ẹsẹ̀ yín?" Wọ́n bojú wolẹ̀. Bàtà tó ń lu ilẹ̀ tẹ̀ lé orin náà pọ̀, àwọn tó ni ẹsẹ̀ kò sì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi orin ṣe ní Birkenau, apá kan àgọ́ Auschwitz tí àwọn Násì ti ń pa ènìyàn ní Poland, gan-an nìyẹn: wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ rìn.

Eré tá a péjọ lé lórí ni Playing for Time. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 30 oṣù Kẹsàn-án 1980. Arthur Miller ló kọ ọ́, inú ìwé ìrántí tí Fania Fénelon ṣe jáde ní 1976 ló sì ti mú ìtàn náà. Vanessa Redgrave ṣe Fania, Jane Alexander ṣe Alma Rosé, ẹlẹ́wọ̀n tó darí ẹgbẹ́ olórin àwọn obìnrin ní Birkenau. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Emmy ní 1981, eré náà gbà á, àwọn obìnrin méjèèjì gbà á, Miller náà gbà á.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Akọrin ilé fàájì ni Fania ní Paris, Júù sì ni bàbá rẹ̀. Ó dé Birkenau ní oṣù Kìíní 1944. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, wọ́n ti fín nọ́ńbà sí i lápá, ebi ti sọ ọ́ di egungun, kí ẹnì kan tó wọlé wá béèrè ẹni tó lè kọ orin Madame Butterfly. Ó kọ ọ́, wọ́n ní kó wọ ẹgbẹ́ olórin àwọn obìnrin. Ó ní òun ò ní wọ ẹgbẹ́ olórin náà àfi bí wọ́n bá gba ọ̀rẹ́ òun mọ́ òun.

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti wo eré yìí. Iṣẹ́ ńlá ni Miller ṣe, Redgrave sì fá irun orí ara rẹ̀ ní tòótọ́ kó lè jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n lójú wa. Àwọn tí mò ń bá jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn tó ń wò ó tán tí wọ́n á nu ojú, tí wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, orin borí ikú." Orin ò borí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan bí 1,100,000 ènìyàn ni wọ́n pa ní Auschwitz, nǹkan bí 1,000,000 nínú wọn jẹ́ Júù, orin sì ń dún níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tún ní orin borí, ẹ fi ìṣirò yìí síwájú rẹ̀ kó bá wa ṣe é.

Ẹ gbọ́ ohun tí Szymon Laks rí. Olórin ni òun náà, ará Poland tó darí ẹgbẹ́ olórin àwọn ọkùnrin ní Birkenau. Ọdún 1948 ló ti kọ ìwé nípa rẹ̀, egbò náà kò tíì san. Ní alẹ́ tí Kérésìmesì 1943 ku ọ̀la, wọ́n rán òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé àwọn aláìsàn ní àgọ́ àwọn obìnrin, kí wọ́n lọ kọ orin Kérésì àwọn ará Poland fún wọn. Orin ilé wọn ni, orin tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré. Ẹkún ni àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ bú sí. Nígbà tó yá, wọ́n ń pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ ká kú ní àlàáfíà. Àwọn olórin kó ohun èlò wọn, wọ́n jáde. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé orin ń tu ọkàn lára níbi gbogbo ka ojú ewé yẹn kí wọ́n tó tún la ẹnu.

Iṣẹ́ ni mò ń pè é, iṣẹ́ bí iṣẹ́ káfíńtà. Ẹgbẹ́ olórin ọkùnrin ti wà ní àgọ́ Auschwitz àkọ́kọ́ láti 1941. Ti àwọn obìnrin ní Birkenau bẹ̀rẹ̀ ní 1943, nígbà tí Maria Mandl, ọ̀gá àwọn wọ́dà obìnrin, ní òun náà fẹ́ ní tòun. Ní kùtùkùtù, wọ́n á wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n á máa lu orin bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́ àṣekú ní márùn-ún márùn-ún. Ẹsẹ̀ tó bá ṣọ̀kan rọrùn láti kà. Wọ́dà tó ń ka orí kò ní ṣì í kà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún padà sídìí géètì. Àwọn tó jáde láàárọ̀ á máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, wọ́n á gbé òkú àwọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́ dání, torí iye tó jáde gbọ́dọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ń kà wọ́n. Orin tàárọ̀ náà ló ń dún.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, wọ́n á dá a sí fún ìgbà díẹ̀. Esther Béjarano kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1943. Dùùrù ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Zofia Czajkowska, olùkọ́ orin ará Poland tó kọ́kọ́ darí ẹgbẹ́ náà, sọ fún un pé kò sí dùùrù, àkọ́díọ̀nù ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ jùjú I.K. Dairo dáadáa mọ bí àkọ́díọ̀nù ṣe ń dún. Lórí irú èyí tí Esther bá níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ ẹ́ bí dùùrù, ọwọ́ òsì sì ń wá bọ́tìnnì tí ojú kò rí. Esther kò gbé e dání rí láyé rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n tẹ̀. Wọ́n ní kó fi kọ "Bel Ami," orin tó gbajúmọ̀ ní Jámánì nígbà náà. Ó fi etí wá bọ́tìnnì wọ̀nyẹn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn tó ń dán an wò, ó sì bọ́ lọ́wọ́ òkúta tí wọ́n ti ń mú un gbé. Àwọn bàbá wa ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ loògùn ikú, oògùn náà kò sì dájú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní kí n ṣọ́ra, pé àwọn Násì náà kọ ọ́ sókè géètì Auschwitz pé iṣẹ́ ní í sọni dòmìnira. Òótọ́ ló sọ. Irọ́ ni tiwọn, torí wọ́n ti pinnu ikú fún oníṣẹ́ àti aláìṣẹ́. Ohun tí èmi ń sọ ni ohun tí àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ ara wọn já gbà nínú irọ́ yẹn.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Alma Rosé. Mo lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ aago sì fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ́ sí obìnrin náà.

Arnold Rosé, olórí àwọn onífáyólìn nínú ẹgbẹ́ Vienna Philharmonic, ni bàbá rẹ̀. Gustav Mahler ni arákùnrin ìyá rẹ̀. Ní 1932 ó dá ẹgbẹ́ olórin obìnrin tirẹ̀ sílẹ̀ ní Vienna. Wọ́n mú un ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Auschwitz ní oṣù Keje 1943, inú Búlọ́ọ̀kù 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, níbi tí àwọn dókítà ti ń fi ara àwọn obìnrin dánwò. Ìgbà tí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kó máa darí ẹgbẹ́ olórin tó wà ní Birkenau. Ẹ fojú inú wo ohun tó bá níbẹ̀: fáyólìn díẹ̀, àkọ́díọ̀nù, mandolin, gìtá, àti àwọn ọmọbìnrin tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó kàn kọ́ orin díẹ̀ nílé.

Nínú eré Miller, Alma le bí òkúta. Ó ń lu àwọn ọmọbìnrin, ó jọ pé orin ti gbà á lọ́kàn débi pé kò rí èéfín àwọn òkú tí wọ́n ń jó mọ́. Inú ìwé Fania ló ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a kọrin tí wọ́n sì là á já bínú sí ìwé náà, wọ́n bínú sí eré náà. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni Alma tí àwọn mọ̀. Mo gba tiwọn gbọ́, ìdí tí mo sì fi gbà á ni Anita Lasker.

Anita ń ta sẹ́lò, fáyólìn ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún. Ní oṣù Kejìlá 1943, bí wọ́n ṣe ń fá irun rẹ̀ ló sọ fún ẹlẹ́wọ̀n tó ń fá a pé sẹ́lò lòun ń ta. Ìdí tó fi dé ọ̀dọ̀ Alma nìyẹn. Kò pẹ́ tí àìsàn táífọ́ọ̀sì fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó padà, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń ta á ní ìtakúta. Alma ní kó lọ fi orúnkún fọ ilẹ̀ ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn! Ẹ̀yin ìyá tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Anita dàgbà, ìyìn ló ń fún Alma, torí ó ti yé e pé bí orin bá ti di jágbajàgba, ọjọ́ tó bá sú àwọn SS, àwọn ọmọ ogun Násì tó ń ṣọ́ àgọ́ náà, ni gbogbo ilé náà máa ṣófo. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún Alma: ẹni tí kò mọ orin tó, ó fi ṣe adàwékọ orin, kó ṣáà lè wà lábẹ́ òrùlé yẹn. Ilé wọn ní ilẹ̀ onípákó, ó ní sítóòfù, kí ọ̀rinrin má ba ohun èlò jẹ́. Fáyólìn ni wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò; ara àwọn ọmọbìnrin ló ń gba ooru.

Àìsàn òjijì pa Alma ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 1944. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó darí ló là á já. Tẹlifíṣọ̀n wá sọ ọ́ di aláìláàánú fún gbogbo ayé láti wò. Ó ń dùn mí títí dòní.

Kókó kejì àti ìkẹta, mo sáré kọjá lórí wọn. Ariwo pọ̀ nítorí pé wọ́n fún Redgrave ní ipa náà, torí ó ń gbè sẹ́yìn àwọn ará Palẹ́sìnì ní gbangba. Fania fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣe é. Ariwo yẹn ló bo ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi, ìyẹn bóyá bí wọ́n ṣe ya Alma àti àwọn obìnrin ará Poland inú ẹgbẹ́ náà jẹ́ òótọ́. Czajkowska, ará Poland, ló gba Esther, ó gba àwọn Júù mìíràn náà. Ẹni tó bá wo eré náà nìkan kò ní mọ̀.

Mo ti fẹ́ dúpẹ́ kí n jókòó nígbà tí ìyá kan nawọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti sọ ohun tí orin ṣe fún àwọn tó ń kọ ọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ńkọ́? Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin?"

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo ní ìdáhùn lọ́wọ́, mo kàn ti gbé e pa mọ́ nítorí pé kò bá ohun tí mò ń sọ lọ ni. Esther Béjarano sọ ọ́ títí ó fi darúgbó: nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń wọlé, wọ́n á ní kí wọ́n máa kọrin. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á máa juwọ́ sí wọn, torí lójú wọn, ibi tí orin bá ti ń dún kò lè burú. Àwọn olórin mọ̀ pé ikú ni àwọn tó ń juwọ́ náà ń lọ bá. Omijé ń bọ́ lójú wọn, àwọn SS dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ.

Bí mo bá ń pè é ní iṣẹ́, iṣẹ́ náà nìyẹn pẹ̀lú. Mo sọ fún ìyá pé Mandl tó pàṣẹ ni wọ́n yẹgi fún ní Kraków ní 1948, pé ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀bi náà wà, kò sí lọ́rùn ẹni tí ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọmọ mi. Àwọn tó juwọ́ ni mo ní kó o rántí." Mo ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, mi ò dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọkùnrin kan, onídùndún, tún béèrè bóyá iṣẹ́ náà gbà wọ́n dé òpin. Kò gbà wọ́n. Ní ìparí 1944 wọ́n kó àwọn Júù inú ẹgbẹ́ náà lọ sí Bergen-Belsen. Kò sí ẹgbẹ́ olórin níbẹ̀, ebi àti táífọ́ọ̀sì ló wà. Wọ́n sún mọ́ ara wọn títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní 15 oṣù Kẹrin 1945. Anita wá sí London, ó wà lára àwọn tó dá English Chamber Orchestra sílẹ̀, ó sì ta sẹ́lò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti gbé Esther kúrò ní Birkenau ní ìparí 1943. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ oní-ráàpù kọrin káàkiri Jámánì, ó sì kú ní Hamburg ní 2021.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àga nígbà tí onídùndún yẹn tún bi mí bóyá ohùn fáyólìn Alma ṣì wà níbì kan. Ó wà. Kí ogun tó dé, òun àti bàbá rẹ̀ fi fáyólìn méjì gba orin Bach kan sílẹ̀ sórí àwo. Mo fi sí i láti orí fóònù mi, mo gbé ẹnu makirofóònù sí i. Àwo náà ti gbó, ó ń dún bí ẹni ń yan àgbàdo, fáyólìn méjèèjì sì ń dá ara wọn lóhùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá tíṣà ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n padà wá jókòó.