Ta Ni Ayé Le Fún Jù, Ọ̀dọ́ Àná tàbí Ọ̀dọ́ Òní?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá dáhùn: ṣé ayé le fún àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ju bó ṣe rí láyé àtijọ́ lọ? Ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ á ní nǹkan ò rọgbọ, bàbá á ní, "Kí lẹ tíì rí? Àwa ńkọ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Kí ẹ má baà máa wá ibi tí mo fì sí kiri, èrò tèmi rèé: kéèyàn wà láàyè ti rọrùn lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ tó lè dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ìyẹn ti wá le ju bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa lọ. Àtijọ́ tí à ń sọ yìí, kì í kúkú ṣe ìgbà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí èyí tó jìnnà. Ní nǹkan bí ọdún 1800, nínú 100 ọmọ tí wọ́n bá bí láyé, ó ju 40 lọ tó máa kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Lọ́dún 1990, iye ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tó kú lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 12. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 4.9. Àrùn ìgbóná tó gbẹ̀mí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́dún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní àná dára ju òní lọ, kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Kó sì tún dáhùn ti àwọn ọmọ inú kòtò èédú. Kó tó di 1842, iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tó kéré jù. Lábẹ́ ilẹ̀, ọmọ náà á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó, á di okùn mú. Bí ọmọlanke èédú bá ń bọ̀, á fa okùn kí ilẹ̀kùn ṣí. Bó bá ti kọjá, á jẹ́ kó padé, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibi tó yẹ nínú kòtò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 12 lè kọjá bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, torí àbẹ́là ń náni lówó. Àwọn kan nínú wọn ò tíì pé ọdún 8. Nígbà tí ìwádìí ìjọba gbé e jáde lọ́dún 1842, inú bí aráyé, wọ́n sì ṣòfin lọ́dún náà pé obìnrin àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ o: ọmọkùnrin ọdún 10 ṣì lè wọlé. Àtúnṣe ni wọ́n pe ìyẹn!

Àtijọ́ yẹn ò sì tíì tán fún gbogbo èèyàn. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ILO, àti UNICEF tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ka ọmọ mílíọ̀nù 138 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé lọ́dún 2024.

Àtijọ́ kejì ni ìjà ilé máa ń dá lé lórí, ìyẹn láti 1945 sí nǹkan bí 1973. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, ilé iṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, ìjọba ń wá akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì ti ní ìwé ẹ̀rí díẹ̀, wọ́n á gbà á. Lọ́pọ̀ ibi, owó oṣù ẹnì kan lè gbọ́ bùkátà ìdílé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi hàn wá, ti bàbá bàbá wọn ni.

Ìgbà yẹn náà ò rọ̀ṣọ̀mù fún gbogbo èèyàn o. Kó tó di 1974 tí òfin dá sí i, báńkì ní Amẹ́ríkà lè ní kí obìnrin lọ gba ìbuwọ́lù ọkọ rẹ̀ wá kí wọ́n tó yá a lówó. Ní Switzerland, ọdún 1971 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ìjọba àpapọ̀.

Ó wá ku òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, iye owó tí wọ́n ń ta ilé lọ́dún 1997 jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Lọ́dún 2023, ó ti ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. Kò sí bí ọ̀dọ́ ṣe lè ṣọ́wó ná tó tó máa dí àlàfo yẹn. Ní ti iṣẹ́, ILO sọ pé ìdá 13 nínú 100 ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò rí i lọ́dún 2023, iye tó kéré jù láàárín ọdún 15 títí di ìgbà yẹn. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn tó ríṣẹ́ lọ tí iṣẹ́ wọn ò ní ìwé àdéhùn tó dájú tàbí owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́ náà. Ìpolówó á ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ làwọn ń wá, lábẹ́ ẹ̀ á ní kó ní ìrírí ọdún 3. Ọmọ á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n á tún ní kó tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóru, èsì á dé látọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà kan rí, bí wọ́n bá lé ẹ, ó kéré tán wàá rí ojú ẹni tó lé ẹ.

Ìgbà téèyàn jáde nílé ìwé náà ní tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ yege ní Kánádà, wọ́n rí i pé owó oṣù ẹni tó bọ́ sóde nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lè má bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba fún nǹkan bí ọdún 10. Ọpọlọ ò yàtọ̀, ìgbà ló yàtọ̀. Síbẹ̀, ọ̀lẹ la máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti ń retí kí n bú fóònù. Mi ò bú u. Mo kàn mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ tí àwa hù lọ́mọ ọdún 16, àwọn tó rí i ti gbàgbé. Ti àwọn ọ̀dọ́ òní wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ sì lè wá a jáde.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, tó di àkókò ìbéèrè, bàbá kan dìde, ó ní, "Ṣé ká wá máa gẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni?" Mo ní rárá, sà. Mo bi bàbá náà bóyá wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n yọ "ìrírí ọdún 3" kúrò nínú ìpolówó iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa sanwó fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bó bá ti ń ṣe iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á sọ fún àwọn tó ń rí sí i ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Mo ti gba nọ́ńbà wọn.