Òṣùká Kò Jẹun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ohùn mi yóò rọlẹ̀ díẹ̀ lónìí, nítorí pé inú yàrá tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ní Leeds níhìn-ín, ni àlejò mi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí mo bá fi kilẹ̀ ni yóò tètè gbọ́ ju ohùn mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni mo ra ọmọ erè kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n. Kì í ṣe erè ńlá tí ń gbé ẹran mì nínú igbó o. Èyí tí wọ́n ń pè ní royal python ni, tó jẹ́ pé bó bá dàgbà tán, ó ṣòro kó gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun, gíráàmù 90 ni. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bu ènìyàn jẹ. Ṣe ni yóò ká jọ, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín, bí òṣùká tí obìnrin fẹ́ fi ru omi. Ọmọbìnrin mi, tí kò ru omi rí láyé rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sì sọ ejò náà ní Òṣùká.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ lórí fóònù ní Ìbàdàn, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Wọ́n ní, "Àjàní, ejò kẹ̀? Nínú ilé tí ọmọ ń sùn sí?"

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo yọ́ ọmọ eku kan tó ti dì gbagidi, mo fi omi gbígbóná mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, mo fi ẹ̀mú nà án sí i, Òṣùká yíjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀, ẹ sì mọ bí àlejò tí kò jẹun ṣe ń ká onílé lára.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ihò kan ṣoṣo ni mo ṣe fún un nínú àpótí gíláàsì tó ń gbé, apá ibi tó gbóná ni mo sì gbé e sí, tó fi di pé bó bá fẹ́ sá pamọ́, ooru ni, bó bá sì fẹ́ ìtura, ìta gbangba ni. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Gánà, Tógò àti Benin, níbi tí wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá tà lókè òkun, inú ihò òkété àti inú ògán ni wọ́n ń gbé. Lóòótọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti pa ẹyin Òṣùká, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ni àwa méjèèjì fi ń yá oòrùn ilé.

Mo ṣe ihò kejì sí apá tó tutù, mo fi bébà bo gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, mo so ooru náà mọ́ ìwọ̀n Celsius 32 lápá tó gbóná àti 25 lápá tó tutù. Mo tún ṣíwọ́ gbígbé e, èyí tó nira fún mi jù lọ. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àmọ́ irú èyí, òun nìkan ló yẹ kó máa gbé.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, orí rẹ̀ yọ. Mo sún mọ́ ọn débi tí mo fi rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létè rẹ̀ òkè, èyí tó fi ń mọ ibi tí ẹran gbígbóná wà nínú òkùnkùn. Ahọ́n rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó ṣẹ́jú, eku ti kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, Òṣùká ti wé mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ eku náà ti kú tipẹ́. Láti orí ló ti gbé e mì.

Mo pe ìyá mi. Wọ́n tún dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ó yó?"