Ìṣètò Redis: Wíwò Ó, Yíyí I Padà àti Kíkọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Yábàá. Àwọn tí kò ráàyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí níbẹ̀ kún un.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ gba Third Mainland wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Redis, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí òun ni púpọ̀ nínú yín gbé sẹ́yìn áàpù tí ẹ ń ṣe. Salvatore Sanfilippo, ará Ítálì, ló gbé e jáde ní 2009. Inú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, ló ń kó dátà sí, ìdí tó fi máa ń yára dáhùn nìyẹn. Àmọ́ RAM kì í pọ̀ tó dísíìkì, bí iná bá sì lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà lọ. Àwọn ìṣètò Redis (ohun tí a yàn pé kó máa tẹ̀ lé) tó ṣe kókó jù, ọ̀rọ̀ ààyè tó lópin àti iná tó lè lọ ni wọ́n dá lé. Ní Èkó níbí, ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ohun tí a kà nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ni pé ibi méjì ni ìṣètò Redis ń gbé. Ó wà nínú fáìlì redis.conf lórí dísíìkì, ó sì tún wà nínú RAM, lọ́dọ̀ Redis tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí Redis bá ń dìde nìkan ló máa ń ka fáìlì yẹn. Lẹ́yìn náà, kò tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ṣí fáìlì láti mọ ohun tí Redis ń lò lọ́sàn-án òní, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá ló ń kà. Ẹ bi Redis fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń bi í kò le. Ẹ wọ redis-cli, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Redis, kí ẹ tẹ CONFIG GET maxmemory; maxmemory ni òpin RAM tó lè gbà. Bí ẹ bá tẹ CONFIG GET maxmemory* pẹ̀lú ìràwọ̀ lẹ́yìn, gbogbo ìṣètò tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ á jáde. CONFIG GET * á kó gbogbo wọn jáde pátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ya fọ́tò èyí sórí WhatsApp láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́, torí páásíwọ́ọ̀dù tó wà ní requirepass máa ń hàn gbangba níbẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan maxmemory, 0 ni ẹ ó rí. Òdo yẹn ń sọ pé kò sí òpin: Redis á máa gba RAM lọ títí Linux yóò fi pa á láti gba kọ̀ǹpútà là. Ẹ fún un ní òpin. Ẹ tẹ CONFIG SET maxmemory 4gb, á dáhùn pé OK, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pa á kí ẹ tó tún un gbé dìde. Ẹ tún bi í léèrè: 4294967296 ló máa sọ, torí báìtì ló fi ń kà. Bí ẹ bá kọ 4g dípò 4gb, 4000000000 ni yóò gbà. Ẹ wá ṣọ́ra: bí iye tí ẹ fún un bá kéré sí èyí tó ti lò tẹ́lẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í da dátà nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. INFO memory ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, níbi tó ti kọ used_memory.

Kọ̀ǹpútà tó ní RAM gígábáìtì 8, ẹ má fún Redis ní 8 nínú rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ kọ dátà sórí dísíìkì, ó máa ń bí ọmọ kan tó jẹ́ ẹ̀dà ara rẹ̀, ọmọ yẹn ló ń kọ ọ́. Bí ọmọ ṣe ń kọ lọ́wọ́, gbogbo apá RAM tí ìyá bá yí padà ni Linux gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, RAM tí wọ́n ń lò á sì ga sókè. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún ìyẹn.

Bí òpin bá wá pé ńkọ́? maxmemory-policy ló ń dáhùn ìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ ronú jù. Ẹ wo ìyá tó ń tajà ní Balógun: tábìlì rẹ̀ ti kún, ọjà tuntun dé. Ó lè kọ̀ ọ́, ó sì lè gbé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè láti àárọ̀ kúrò. Kíkọ̀ yẹn ni noeviction, èyí tí Redis máa ń lò bí a kò bá sọ fún un. Á jẹ́ kí ẹ ka dátà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ tuntun á rí «OOM command not allowed». Gbígbé èyí tó ti pẹ́ tí wọ́n béèrè kúrò ni allkeys-lru. Bí ohun tó wà nínú Redis bá jẹ́ ẹ̀dà ohun tó wà ní PostgreSQL yín, ibi tí ẹ ń tọ́jú dátà gan-an sí, allkeys-lru ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ Redis nìkan ló mọ ẹni tó sanwó tí ẹ kò tíì fi ọjà ránṣẹ́ sí, ẹ fi í sí noeviction, kí áàpù yín pariwo dípò kí nǹkan oníbàárà sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ bá ọ̀gá tó ni okòwò náà jókòó lórí rẹ̀. volatile-lru wà pẹ̀lú, àmọ́ kìkì kọ́kọ́rọ́ (orúkọ tí Redis fi ń tọ́jú dátà kọ̀ọ̀kan) tí ẹ fún ní àkókò ìparí ló lè yọ. Bí ẹ kò bá fún ìkankan, kò yàtọ̀ sí noeviction.

Gbogbo ohun tí ẹ fi CONFIG SET ṣe, inú RAM ló wà. Iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kò tètè dìde, server, kọ̀ǹpútà tí Redis wà lórí rẹ̀, kú: fáìlì àtijọ́ ni Redis máa kà nígbà tó bá jí. CONFIG REWRITE, tó wọlé ní Redis ẹ̀yà 2.8, ló ń kọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ padà sínú redis.conf, kò sì ní pa àlàyé tí ẹ kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Bó bá jẹ́ pé láìsí fáìlì kankan ni wọ́n gbé Redis dìde, kò ní gbà.

Ibì kan wà tí fífi ọwọ́ kọ fáìlì ti lè pa yín lára gan-an: appendonly. Ìṣètò yìí ló ń jẹ́ kí Redis kọ gbogbo àyípadà sórí dísíìkì bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, «no» ló sì wà látilẹ̀. Ẹnì kan ń lo dump.rdb, fáìlì tí Redis ń kọ ẹ̀dà gbogbo dátà rẹ̀ sí láti ìgbà dé ìgbà, bọ̀, ó ṣí redis.conf, ó sọ ọ́ di «yes», ó pa Redis, ó tún un gbé dìde. AOF, fáìlì tí appendonly ń kọ àwọn àyípadà sí, ni Redis máa wá báyìí, kò sì rí i, torí kò tíì sí. Ó lè dìde lófìfo, kí òfìfo yẹn sì wá bo dump.rdb mọ́lẹ̀. Bó ṣe yẹ nìyí: ẹ ṣe BGSAVE, tó ń kọ dump.rdb tuntun, kí ẹ da dump.rdb kọ síbòmíràn. Ẹ tẹ CONFIG SET appendonly yes lórí Redis tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo INFO persistence títí aof_rewrite_in_progress yóò fi di 0. Ìgbà yẹn ni CONFIG REWRITE kàn.

Arábìnrin kan bi mí pé, «Ọ̀gá, tí mo bá yí i padà lórí server àgbà, ṣé àwọn ẹ̀dà rẹ̀ á gbọ́?» Ẹ̀dà ni àwọn Redis mìíràn tó ń da dátà àgbà kọ. Wọn ò ní gbọ́. CONFIG SET kì í rìn lọ sọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí àgbà bá ṣubú tí ẹ̀dà gba ipò rẹ̀, ìṣètò ti ẹ̀dà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kejì dá lórí àwọn olè. Ní 2015, Sanfilippo fúnra rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ Redis tí kò ní ààbò lè fi CONFIG SET yí dir àti dbfilename (fóldà àti orúkọ fáìlì tí Redis ń kọ dátà sí) padà, kó fi kọ kọ́kọ́rọ́ SSH tirẹ̀ (èyí tí a fi ń wọ server láti òkèèrè) sínú server, kó sì wọlé. Láti 7.0, àwọn méjèèjì ti di èyí tí a kò lè yí padà bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fàyè gbà á. Síbẹ̀, áàpù yín kò nílò CONFIG rárá. Láti 6.0, ẹ lè fi ACL SETUSER dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ fi -@admin gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú RAM ni aṣàmúlò yẹn náà wà: bí ẹ bá ní aclfile (fáìlì àwọn aṣàmúlò), ACL SAVE ni ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹ kò bá ní, CONFIG REWRITE ni.