P50: Nọ́ńbà Tó Ń Sọ Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Di Ọ́síjìn Mú

Eku kan ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jay Storz, ti Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà, mú lọ́dún 2020 lórí òkè Llullaillaco, ní ààlà Chile àti Ajẹntínà. Mítà 6,739 ni gíga ibẹ̀. Títí dìgbà yẹn, wọn ò tíì bá ẹranko afọ́mọlọ́mú kankan níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ́síjìn ti tán lókè yẹn. Kò tán o. Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, ì báà jẹ́ etí òkun, ì báà jẹ́ ṣóńṣó òkè. Ìfúnpá rẹ̀ ló ń dín kù. Létí òkun, ó tó nǹkan bíi 160 lórí ìwọ̀n milimítà mákúrì, tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Tá a bá fi máa gòkè dé mítà 5,500, ó ti ku bí ìdajì. Ìfúnpá yẹn ló sì ń ti ọ́síjìn láti ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀.

Èròjà kan tó ń jẹ́ hímóglóbìn ló ń gbé e, nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan ní irin kan, irin kọ̀ọ̀kan ń gbé ọ́síjìn kan. Iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn jà ló ń ṣe: kó gba ọ́síjìn mú nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nínú iṣan. Alábàárù tó di ẹrù mú, tó wá kọ̀ tí ò sọ̀ ọ́, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹlẹ́rù?

P50 ni ìfúnpá ọ́síjìn tí ìdajì àyè inú hímóglóbìn fi máa kún. Ti èèyàn tó nǹkan bíi milimítà mákúrì 27. Ẹ fọkàn sí i, torí ibẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í gbọ́: bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni hímóglóbìn náà ṣe ń dì í mú tó.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì pupa á fi lọ sísàlẹ̀, wọ́n á fi omi oníyọ̀ ṣàn án, wọ́n á wá fọ́ ọ kí hímóglóbìn lè jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ DPG kúrò pátápátá. DPG ni èròjà tó ń wọ àárín hímóglóbìn, tó ń mú kó tètè jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, P50 á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì máa rò pé bí wọ́n ṣe bí ẹranko náà nìyẹn. Wọ́n á wọ̀n ọ́n ní 37 °C, ní pH 7.4 (pH ni nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó): lákọ̀ọ́kọ́ láìfi nǹkan kan sí i, lẹ́yìn náà pẹ̀lú kíláráìdì, èròjà tó wà nínú iyọ̀, àti DPG tó jẹ́ ìlọ́po méjì iye hímóglóbìn. Tó bá jẹ́ ti ẹyẹ, èròjà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ìyẹn IHP, ni wọ́n ń lò dípò DPG. Ẹ má fi pH ṣeré: tó bá wálẹ̀ díẹ̀ péré, hímóglóbìn á dẹ ọwọ́. Bí ooru bá pọ̀ jù, bákan náà ni. Tí wọn ò bá sì fi í pa mọ́ sínú òtútù, irin rẹ̀ á yí padà, àwọ̀ rẹ̀ á di búráùn, kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́.

Ẹyẹ bar-headed goose ń fò kọjá àwọn òkè Himalaya. Lọ́dún 1983, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Max Perutz sọ pé àyípadà kan ṣoṣo, proline tó di alanine (méjì lára àwọn èròjà tí wọ́n fi ń to hímóglóbìn) ní ipò 119 lára okùn alpha, ìyẹn ọ̀kan lára irú apá hímóglóbìn, lè mú kí hímóglóbìn rẹ̀ máa di ọ́síjìn mú ju ti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1991, wọ́n gbé àyípadà yẹn sínú hímóglóbìn èèyàn. Òótọ́ ni, P50 rẹ̀ wálẹ̀.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ lọ́dún 2016, ikọ̀ Storz fi ẹyẹ orí òkè wé ìbátan rẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀, méjì méjì lọ́nà 28. Ti orí òkè ló sábà ń di ọ́síjìn mú jù, ṣùgbọ́n àyípadà tó fà á kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí wọ́n ti rí lára eku deer mouse lọ́dún 2013 ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i: àyípadà kan náà lè fún hímóglóbìn kan lágbára, kó sì tú ọwọ́ òmíràn. Àwọn àyípadà mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń pinnu èyí tó máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ka jíìnì lásán kí wọ́n wá sọ P50 ẹranko. Àfi kí wọ́n gbé e dé orí ẹ̀rọ.